Natsamrat: ṣé orúkọ èèyàn ni, àbí oyè?

Ìbéèrè tó wá sọ́dọ̀ mi nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́, mo wo fíìmù Natsamrat tí wọ́n fi èdè Marathi ṣe ní Íńdíà. Ẹnìkan sọ fún mi pé ọba wà nínú orúkọ yẹn. Mo retí ọba títí fíìmù fi parí, mi ò rí ọba kankan. Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an?"

Oyè ni. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀. Naṭ ni òṣèré. Samrāṭ ni ọba tí àwọn ọba mìíràn ń foríbalẹ̀ fún. Ọba tó ní ìlú tirẹ̀, rājā ni. Ẹni tó bá kó àwọn rājā sábẹ́ ara rẹ̀ ló tó jẹ́ samrāṭ. Ẹni tí wọ́n bá pè ní Natsamrat, ọba àwọn òṣèré pátápátá ni.

Irú oyè yìí kì í ti ààfin wá, ẹnu èèyàn ló ti ń jáde. Narayan Shripad Rajhans, tí wọ́n bí ní 1888, kéré gan-an nígbà tí Tilak, aṣáájú òṣèlú ìgbà náà, gbọ́ orin rẹ̀ tó sì pè é ní Bal Gandharva. Bal ni ọmọdé, gandharva sì ni àwọn olórin ọ̀run nínú ìtàn àtijọ́ wọn. Oyè yẹn bo orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi kú.

V. V. Shirwadkar, tí wọ́n mọ̀ sí Kusumagraj nídìí ewì, ló kọ Natsamrat fún orí ìtàgé. December 1970 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Shriram Lagoo ló kọ́kọ́ jẹ́ Ganpatrao Belwalkar, bàbá inú eré náà. (Dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni Lagoo, ó tilẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní Tanzania rí, kó tó pa ìṣègùn tì torí tíátà.) Nínú fíìmù tí Mahesh Manjrekar darí, tó jáde ní 2016, Nana Patekar ló wà nípò yẹn.

Belwalkar fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ òṣèré, ó sì pín ohun tó ní fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là. Àwa náà máa ń sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Nígbà tí tirẹ̀ kàn án, ọmú ti gbẹ. Kò rójú gbé nílé ọmọkùnrin. Nílé ọmọbìnrin, wọ́n fẹ̀sùn olè kàn án. Ẹni tó bá mọ King Lear ti Shakespeare, eré ọba tó pín ilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n sì kẹ̀yìn sí i, á ti fura ibi tí ìtàn yìí ti mu omi. Ṣùgbọ́n Lear ní ilẹ̀, ó ní adé. Belwalkar ò jọba níbì kankan ju orí ìtàgé lọ.

Ẹ tún fetí sí bó ṣe ń pe Kaveri ìyàwó rẹ̀: Sarkar. Ìjọba ni ìtumọ̀ rẹ̀. Eré ìfẹ́ ni láàárín tọkọtaya, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Kaveri kú, ọba àwọn òṣèré kò níjọba mọ́.

Ó wá dé ibi tí gbogbo ará Maharashtra, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Marathi, mọ̀ sórí: "Kuni ghar deta ka, ghar?" Kuni ni ẹnìkan, ghar ni ilé. "Ṣé a rí ẹni tó máa fúnni nílé, ilé o?" Bí Belwalkar ṣe tún ilé pè lẹ́yìn ìbéèrè yẹn, bí ohùn alágbe ló rí létí tèmi. Ta ló sì ń tọrọ ilé fún? Ó ní fún tufan ni, ìyẹn ìjì: ìjì tí kò ní ògiri, tí kò ní òrùlé, tí ń rìn kiri láti òkè dé òkè. Shakespeare lé ọba rẹ̀ sínú ìjì. Ti Shirwadkar, bàbá náà fúnra rẹ̀ ni ìjì.

Ẹ ní ẹ ò rí ọba. Nínú eré Shirwadkar, ẹni tó ń kun bàtà fún àwọn èèyàn lẹ́bàá títì ló gba bàbá náà mọ́ra. Raja lorúkọ rẹ̀.