Ẹ fi òkun sílẹ̀ títí di oṣù kejìlá

Ẹ̀yin màmá ọlọ́mọ mẹ́ta láti Ṣómólú tí ẹ ń béèrè omi tí ẹ lè kó àwọn ọmọ lọ kí họlidé gígùn yìí tó tán, ẹ kú wàhálà ọmọ. Mo rí i pé àwọn tó kọ́kọ́ dá yín lóhùn, Ẹlẹ́gúṣì àti Onírù ni gbogbo wọn ń dárúkọ. Etí òkun dùn lóòótọ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni du ìyẹn. Àmọ́ ẹ ní ọmọ ọdún márùn-ún ni àbígbẹ̀yìn yín, oṣù kẹjọ la sì wà. Ohun méjì yẹn ló mú kí n jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí.

Òkun ní ìgbà tirẹ̀. Láti bí oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹsàn-án, ọ̀nà jíjìn ni ìgbì tó ń bá wa l'Ékòó ti ń bọ̀, láti ìsàlẹ̀ gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, níbi tó jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ni òtútù àti ìjì ń jà níbẹ̀. Ó wá fi jẹ́ pé ìgbà tí ilé ìwé bá tú àwọn ọmọ sílẹ̀ fún wa ni omi máa ń le jù. Oòrùn lè yọ rekete nínú ọ̀dá kékeré inú oṣù kẹjọ, òkun ò mọ̀ pé oòrùn yọ. Ẹni tó bá wà l'Ékòó lọ́dún 2012 á rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ létí òkun Kúrámọ̀. Oṣù kẹjọ náà ni. Omi ya wọ àárín àwọn ahéré tó wà létí òkun, ó sì gbé èèyàn lọ.

Èmi náà gbọ́ nípa Kúrámọ̀ nígbà yẹn, mo mi orí, mo sì gbàgbé. Ọdún méje sẹ́yìn, nínú oṣù kẹjọ, mo kó ìyàwó àti ọmọ méjì lọ sí etí òkun kan tí mi ò ní dárúkọ. A sanwó ní géètì, a háyà àga àti àtíbàbà, a jẹ ìrẹsì. Ọmọ mi kékeré pé ọdún mẹ́fà nígbà náà. Ó dúró níbi tí omi ò tíì dé orúnkún rẹ̀, ó ń fi ife ike bu yanrìn. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ló wà láàárín àwa méjèèjì. Mo kẹ̀yìn sí i, mò ń bá ẹlẹ́ṣin dúnàádúrà, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní dandan, òun á gun ẹṣin.

Ìgbì kan wá, kò tilẹ̀ ga. Kì í ṣe bó ṣe wá ló ṣe jàǹbá, bó ṣe ń padà ni. Ó gbọ́n yanrìn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà bí ìgbà tí wọ́n fa ẹní lábẹ́ ẹni tó dúró lé e. Ó fìdí jókòó, ìdí náà ló fi ń yọ̀ lọ. Kò pariwo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dáadáa: kò pariwo rárá. Ariwo tí mo gbọ́ ni ti ọmọkùnrin kan tó ń kiri àgbọn. Ó da gbogbo àgbọn orí rẹ̀ nù, ó sì bẹ́ sómi. Nígbà tó fi rí aṣọ ọmọ mi gbá mú, omi ti mu òun fúnra rẹ̀ dé àyà. Àgbọn ń léfòó káàkiri lẹ́yìn wọn. Mo ra gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí òkun gbé lọ.

Ìyẹn nìkan kọ́. Bí wọ́n ṣe gbé e dé orí ilẹ̀ ni ìyá kan ti ń béèrè epo pupa, ọkùnrin kan sì ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ní ká dojú rẹ̀ kodò ká máa gbọ̀n ọ́n. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó wá ṣe fàájì tirẹ̀. Ó lé gbogbo wọn sẹ́yìn. Ó ní ọmọ tó bá ṣì ń mí, ká fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ká má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, torí epo yẹn lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Bí kò bá mí, ká fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ká máa tẹ̀ ẹ́ láàárín àyà, kí ẹlòmíràn máa wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Tiwa ń wúkọ́, ó ń bì, ó ń sunkún. A ṣì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì náà ní ọmọ tó bá ti fa omi símú kì í ṣe ẹni à ń gbé lọ sílé tààrà.

Látìgbà náà, fìlà yẹ́lò kan wà nílé wa. Ẹni tó bá dé e ni ó ń wo omi: kò ní gbé fóònù, kò ní jẹun, kò ní bá ẹlẹ́ṣin sọ̀rọ̀. Tó bá rẹ̀ ẹ́, á bọ́ ọ dé orí ẹlòmíràn. Àwọn ìyàwó àbúrò mi fi ń ṣe ẹlẹ́yà. Kò burú.

Ó yá, ibi tí ẹ lè lọ.

Ẹ̀yin ará Ṣómólú, ẹ̀gbẹ́ yín ni Yábàá. Rowe Park níbẹ̀ ní púùlù, ibẹ̀ ni mo ti mú àwọn ọmọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ lọ láàárọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀. Púùlùkípúùlù tí ẹ bá dé, ti òtẹ́ẹ̀lì ni o, ti ìjọba ni o, ẹ wo ìsàlẹ̀ apá tó jìn jù. Bí ẹ ò bá rí táìlì ilẹ̀ rẹ̀ kedere, ẹ yí padà, torí ẹ ò ní rí ọmọ níbẹ̀ náà. Òórùn kẹ́míkà tó bá sì ń ta èèyàn lójú kì í ṣe ẹ̀rí pé omi mọ́. Ìtọ̀ àti òógùn tó ti pò mọ́ ọn ló sábà máa ń rùn bẹ́ẹ̀.

Èyí tí àwọn ọmọ mi fẹ́ràn jù, ẹnikẹ́ni ò ní kan omi níbẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Ìdúmọ̀tà, ẹ rìn dé Ẹ̀búté-Ẹrọ, kí ẹ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìkòródú. Láàárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń ti Ìkòródú bọ̀ ní Erékùṣù; ẹ̀yin ń lọ, àwọn ń bọ̀, ẹ ò ní bá èrò jìjàdù. Wàhálà rẹ̀ kan ni pé ọkọ̀ tí èrò ò kún lè dúró pẹ́ kó tó ṣí, nítorí náà ẹ gbé bisikíìtì dání. Ẹ ó gba abẹ́ Third Mainland kọjá. Ọmọ tó ti ń gba orí afárá yẹn láti kékeré, ẹ jẹ́ kó rí òpó rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò ní padé. Ẹ ó rí àwọn apẹja tó ń da àwọ̀n, ẹ ó rí ọkọ̀ oníyanrìn tí ìgbòkun rẹ̀ jẹ́ àkísà alábùlẹ̀. Ẹ jẹun díẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ẹ padà kó tó di aago mẹ́ta. Ilẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣú bá yín lórí ọ̀sà.

Láífù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó, ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń fúnni, àmọ́ ti àgbà ni wọ́n sábà máa ń gbé fún ọmọ. Ẹ wọ̀ ọ́ fún un, ẹ de gbogbo okùn rẹ̀, kí ẹ wá di èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà mú, kí ẹ gbé e sókè. Bó bá gòkè dé etí ọmọ, kì í ṣe tirẹ̀. Nínú omi, jákẹ́ẹ̀tì náà á gba orí ọmọ yọ, ọmọ á sì bọ́ sísàlẹ̀. Mo ra ti ọmọdé méjì, inú àpò ìrìn àjò la máa ń kó wọn sí.

Bó bá ṣe yanrìn ni wọ́n ń ké fún, etí omi Tarkwa Bay nìkan ni mo lè fọwọ́ sí nínú oṣù yìí, ọjọ́ tí atẹ́gùn ò bá jà. Wọ́n ti to òkúta ńláńlá sí ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ èbúté, àwọn òkúta yẹn ló ń gba ìgbì mọ́ra kó tó dé ibi tí ọmọ ń ṣeré. Ẹ lè wọkọ̀ ojú omi ní CMS, ní Erékùṣù Èkó. Ẹ má kúrò ní apá tí omi ti dákẹ́. Apá kejì níbi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń gun ìgbì lórí pátákó, òkun gidi ni.

Ọjọ́ tí owó ò bá sí, bàsíà ńlá méjì nínú ọgbà ti tó. A kúkú wẹ òjò dàgbà. Kìkì pé kí wọ́n má sún mọ́ gọ́tà nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹ sì da omi bàsíà nù tí wọ́n bá ti jáde.

Iye owó ọkọ̀ ń yí padà, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Kí ẹ tún ranti, aṣọ ìpààrọ̀ kì í ṣe ti ọmọ nìkan. Ọjọ́ tí mo gbàgbé tèmi, ṣòkòtò tútù ni mo fi wọ dáńfó láti CMS dé Òjúẹlẹ́gba. Kọ̀ńdọ́ ní bí mi ò bá ní sanwó ìjókòó méjì, kí n nàró.