Kí ló dé tí 7-Zip, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń di fáìlì tí a sì fi ń tú u, lè tú fáìlì RAR (irú fáìlì kan tí a dì pọ̀) ṣùgbọ́n tí kò lè dì í?

Ìwé àṣẹ ló fà á, kì í ṣe pé iṣẹ́ náà le. Eugene Roshal tó ṣe RAR gbé kóòdù unRAR síta lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni lè fi tú fáìlì. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi kóòdù náà ṣe àtúndá ọ̀nà tí RAR ń gbà fún fáìlì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí Debian, irú Linux kan, fi kó unrar sí abala non-free, níbi tí wọ́n ń kó ètò tí ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ìdíwọ́ sí. Kódà nígbà tí Windows 11 bẹ̀rẹ̀ sí ṣí RAR fúnra rẹ̀ ní 2023, ṣíṣí nìkan ni. Ó dùn mí, torí RAR dára: ó ní ohun tí a fi ń tún fáìlì tó bàjẹ́ ṣe.

ZIP, irú fáìlì mìíràn tí a dì pọ̀, ò rí bẹ́ẹ̀. Phil Katz tó ṣe é gbé àlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ síta fún gbogbo ayé ní 1989, ni gbogbo ayé bá gbà á. Ẹ yí ìparí orúkọ fáìlì Word kan láti .docx padà sí .zip kí ẹ ṣí i, ẹ ó bá fódà kan tó ń jẹ́ word nínú rẹ̀. ZIP ni .apk, fáìlì áàpù orí fóònù Android, náà.

Tí ẹ ò bá mọ ohun tí ẹni tí ẹ fẹ́ fi fáìlì ránṣẹ́ sí ń lò, ZIP ni kí ẹ fi dì í.