Iná Tó Ń Gbé Wa Lára Ẹnu Ẹ̀rọ Omi: Ohun Tó Yẹ Kí A Ṣe sí Hítà Balùwẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìyá ilé kan ni mí ní Ìbàdàn. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, bí mo bá fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ omi nínú balùwẹ̀ nígbà tí hítà bá wà ní títàn, iná máa ń gbé mi díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé èèrà ń ta mí lọ́wọ́. Kì í rí bẹ́ẹ̀ bí a bá ń lo jẹnẹrétọ̀. Kí èyí tó bẹ̀rẹ̀, brékà kan máa ń já wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá tan hítà náà. Oníṣẹ́ iná tí mo pè yọ wáyà kan kúrò lẹ́yìn rẹ̀, brékà kò sì já mọ́. Nígbà tí mo wá sọ ti iná tó ń gbé mi, ó ní kí a máa wọ bàtà rọ́bà wẹ̀. Omi tún máa ń kán láti ìdí hítà náà bó bá ti ń gbóná. Ṣé kí n kúkú ra tuntun ni?

Ìdáhùn: Màmá, kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde lọ pa hítà náà níbi pátákó brékà gan-an, kì í ṣe níbi swíìṣì ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀ nìkan, kí ẹ sì kìlọ̀ fún gbogbo ará ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tàn án títí a ó fi tún un ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, wáyà kan ṣoṣo ni swíìṣì ara ògiri ń gé nínú méjì tó gbé iná lọ sí hítà, bí ẹni tó fa wáyà bá sì ti ṣèèṣì gba neutral (wáyà tí iná ń gbà padà) kọjá níbẹ̀ dípò live (wáyà tó ń gbé iná wá), iná ṣì wà nínú rẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ rò pé ẹ ti pa á. Ẹ máa gbé omi kaná lórí gáàsì fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàtà rọ́bà yẹn dùn mí púpọ̀, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni bàtà bò. Ẹni tó ń wẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ló tutù. Ó lè fi ọwọ́ kan di ẹnu ẹ̀rọ omi mú kí ó fi ọwọ́ kejì gbá ògiri tútù tàbí irin fèrèsé mú, iná yóò sì gba àyà rẹ̀ kọjá láti ọwọ́ sí ọwọ́ láìkan bàtà rárá. Ọmọdé tó ń wẹ̀ sì máa ń bọ́ bàtà sílẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí hítà yín ṣeé ṣàlàyé. Ohun tó ń mú omi gbóná nínú rẹ̀ ni element, irin gbọọrọ tó tẹ̀, tó jókòó sínú omi. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín rẹ̀ tí iná ń gbà kọjá, ìyẹ̀fun funfun kan sì yí wáyà náà ká kí iná má baà kan irin òde. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èérí funfun bí irú èyí tí a ń rí nídìí kẹ́tùlù yóò bò ó, ìpẹtà yóò sì lu irin òde. Omi á wọ inú ìyẹ̀fun náà, iná á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú omi àti sí ara irin hítà. Omi ṣì ń gbóná dáadáa, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi fura.

Wáyà tí oníṣẹ́ yẹn yọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé wáyà earth ni, èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé pẹ̀lú ìlà àwọ̀ ìyeyè. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kó iná tó bá jò sára irin lọ sínú ilẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé brékà yín tó máa ń já nígbà náà jẹ́ irú èyí tó ń fi iná tó lọ wé iná tó padà: bí ohun tó lọ bá ju ohun tó padà lọ, ó mọ̀ pé díẹ̀ ti yà sí ibòmíràn, á sì já wálẹ̀. Òtítọ́ ni brékà náà ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ wáyà earth, iná kò ríbi gbà wọlẹ̀ mọ́, brékà dákẹ́, ṣùgbọ́n iná tó ń jò kò lọ síbì kankan. Ó wà lára irin níbẹ̀, ọwọ́ yín ni ó ń dúró dè.

Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé brékà lásán, irú èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilé wa. Hítà 1,500 watt lórí iná 230 volt ń fa nǹkan bí amp 6.5, brékà 16 amp tí a sì sábà máa ń fi ṣọ́ ọ kò ní já àfi bí iná tó ń kọjá bá ju 16 amp lọ. Ara ènìyàn kò lè gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn. Nǹkan bí 10 milliamp, ìyẹn ìdá 10 nínú 1,000 amp kan, lè mú kí iṣan ọwọ́ fún pọ̀ débi tí ẹni náà kò ní lè jọ̀wọ́ ohun tó dì mú. Bó bá ju 30 lọ tó sì gba àyà kọjá, ó lè da lílù ọkàn rú. Brékà lásán yóò máa wò ó títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń fi brékà tó ń ṣọ́ iná jíjò, irú èyí tó ń fi iná tó lọ wé iná tó padà, sí ìlà balùwẹ̀, kí a sì rí i pé 30 mA (ìyẹn milliamp 30) ni a kọ sí ara rẹ̀.

Ti jẹnẹrétọ̀ tí ẹ sọ ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀. Iná NEPA ní ẹsẹ̀ kan nínú ilẹ̀ láti ìdí tiransífọ́mà, nítorí náà iná tó bá jò gba ara yín wọlẹ̀ kí ó lè padà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré kò ní irú ìdè bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀, nítorí náà iná tó jò kò rí ọ̀nà padà sílé, ẹ kò sì mọ̀ ọ́n lára. Hítà náà bàjẹ́ síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Bí oníṣẹ́ kan bá wá tún un ṣe, tó tan jẹnẹrétọ̀, tó fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ omi tó sì ní ó ti dára, ẹ má gbà fún un.

Ohun kan wà tí ẹ lè kíyè sí fúnra yín láìṣí ohunkóhun. Ṣé ara fíríìjì tàbí ẹ̀rọ ìfọṣọ náà ń ta yín lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ rántí bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ má lọ fọwọ́ dán an wò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wáyà earth gbogbo ilé ti já kúrò lára ọ̀pá tó wọlẹ̀. Nígbà náà, iná tó jò lára ohun èlò kan ṣoṣo á máa gba wáyà earth kiri sára gbogbo irin yòókù, ẹ ó sì máa di ẹ̀bi ru fíríìjì tí kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ kò ní láti ra hítà tuntun, àfi bí táǹkì inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ bá ti pẹtà tó ń jò. Ẹ pe oníṣẹ́ iná mìíràn tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n tó ń fi 500 volt dán wáyà wò, nítorí ẹ̀rọ ìwọ̀n kékeré tí wọ́n ń fi bátìrì lò lè sọ pé element dára nígbà tí kò dára lábẹ́ iná gidi. Bí ìwọ̀n ìdènà iná láàárín ẹnu element àti ara irin kò bá tó 1 megohm (ìyẹn ohm mílíọ̀nù kan), kí ó pààrọ̀ element náà pẹ̀lú rọ́bà ìdí rẹ̀. Bó bá ti tú u, kí ó wo ọ̀pá magnesium tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n fi síbẹ̀ kí ìpẹtà lè máa jẹ ẹ́ dípò táǹkì. Bó bá ti tín-ín-rín, kí ó pààrọ̀ rẹ̀ náà. Kí ó ṣí ẹnu omi gbígbóná títí omi yóò fi máa ṣàn geere láìsí afẹ́fẹ́ kí ó tó tan iná, nítorí element tuntun tí a bá tàn láìsí omi máa ń jó kíákíá.

Omi tó ń kán nídìí rẹ̀ kò burú. Omi máa ń fẹ̀ bó bá ń gbóná, fáàfù kékeré tó wà lójú ọ̀nà omi tútù ni ó ń tú àpọ̀jù rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí i pa, nítorí táǹkì tí kò ríbi mí lè bẹ́. Bó bá ń ṣàn láìdáwọ́ dúró ní tòru tọ̀sán, tàbí tí hítà bá ń ṣòfo nígbà tí táǹkì òkè ilé bá gbẹ, a jẹ́ pé fáàfù náà ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n dá wáyà earth padà, kí wọ́n sì bá yín tọ ipa rẹ̀ dé ibi ọ̀pá tó wọlẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo ti rí ilé tí ọ̀pá náà kò ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan lọ nínú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí ó jìn ju mítà kan lọ dáadáa. Ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná dáadáa, nítorí náà earth tó dára ní oṣù keje lè di aláìwúlò nígbà ọyẹ́. Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ló yẹ kí a wọ̀n ọ́n. Èédú àti iyọ̀ tí a ń dà sínú ihò náà ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ iyọ̀ máa ń jẹ irin, kí ẹ máa yẹ ibi tí wáyà ti so mọ́ ọ̀pá wò lọ́dọọdún.

Kí oníṣẹ́ náà tó gba owó, kí ó tan hítà lórí iná NEPA títí omi yóò fi gbóná, kí ó wọn iná láàárín ẹnu ẹ̀rọ omi àti ilẹ̀ lójú yín, kí ó sì tẹ bọ́tìnì tí a kọ T sí lára brékà iná jíjò náà. Ó gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ máa tẹ bọ́tìnì yẹn fúnra yín lóṣooṣù. Bí brékà náà bá tún já fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì pè wọ́n padà.