Ìwádìí Lórí Káńsù: Àpò Ta Ni Owó Rẹ̀ Yóò Ti Jáde?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Káńsẹ́lọ̀ ni mí ní ìjọba ìbílẹ̀ kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ búra wọlé ni. Gómìnà ti gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kan dìde láti tú ìwé owó káńsù wa wò, pàápàá owó ọjà kan tí wọ́n ná nígbà alága àná tí ọjà náà ò sì parí. Inú wa dùn sí ìwádìí yìí. Àmọ́ lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ pé àpò káńsù ni owó ìjókòó àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, owó lọ́yà wọn, owó ọkọ̀ àti owó hòtẹ́ẹ̀lì yóò ti jáde, pé bí a ò bá tètè san án, wọ́n á yọ ọ́ nínú ìpín wa. Àwọn kan láàárín wa ní ká san án kíá, káwọn èèyàn má baà sọ pé à ń bo olè mọ́lẹ̀. Ta ló yẹ kó sanwó yìí gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ má tíì fọwọ́ sí owó yẹn, ẹ má sì tíì kọ̀wé pé ẹ ò san. Ohun tó kàn ni kí akọ̀wé káńsù yín kọ lẹ́tà kúkúrú padà, kó béèrè òfin tí ìgbìmọ̀ náà dúró lé lórí, àti abala tó ní káńsù ni kó gbé bùkátà rẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí irú lẹ́tà tó dé bá yín yìí ṣe máa ń kún fún ọ̀rọ̀ àṣẹ tí kò sì ní dárúkọ òfin kan ṣoṣo.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ béèrè ni pé ọ̀nà tí ìwádìí ìjọba ń gbà wáyé ní Nàìjíríà ju ẹyọ kan lọ. Gómìnà lè gbé ìgbìmọ̀ dìde lábẹ́ òfin ìgbìmọ̀ olùwádìí ti ìpínlẹ̀ yín. Láti ọdún 2003, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ẹjọ́ Fawehinmi àti Babangida lórí ìgbìmọ̀ Oputa tó wádìí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ó ti dájú pé òfin ìjọba àpapọ̀ lórí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò kọjá Àbújá. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni tirẹ̀, nítorí náà ohun tí wọ́n ń ṣe ní ìpínlẹ̀ kejì kì í ṣe ẹ̀rí fún yín. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà lè ṣèwádìí lábẹ́ abala 128 àti 129 ìwé òfin ọdún 1999, ṣùgbọ́n àfi kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìpinnu, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé tàbí gásẹ́ẹ̀tì ìjọba. Bí ẹ bá béèrè gásẹ́ẹ̀tì yẹn tí ẹnikẹ́ni ò rí i fún yín, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ti owó nìkan.

Tí ìwé òfin bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ ó rí i pé ìbéèrè méjì ló wà nínú ẹyọ kan tẹ́ ẹ bi mí: ta ló máa kọ́kọ́ gbówó kalẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti ta ló máa ru ẹrù owó náà nígbà tí ìgbìmọ̀ bá ti sọ ohun tó rí. Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń jà ni pé wọ́n da méjèèjì pọ̀.

Lórí àkọ́kọ́, èmi ò ní iyèméjì: ẹni tó pàṣẹ ìwádìí ni kó kọ́kọ́ gbówó kalẹ̀. Gómìnà tó mọ̀ pé inú ìṣúná òun ni owó yóò ti jáde, tí ilé aṣòfin sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí abala 120 ṣe wí, á ronú kó tó yan ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́sàn-án síbi tí mẹ́ta ti tó. Á fún wọn ní gbèdéke ọjọ́. Á sọ pé ìwé owó ọdún báyìí sí ọdún báyìí ni kí wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe gbogbo ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá káńsù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àpò ẹlòmíràn ni wọ́n ń ki ọwọ́ bọ̀, ta ló máa yára? Ìjókòó á máa sún síwájú, owó ìjókòó á sì máa wọlé.

Ìdí kejì sì tún wà. Bí ó bá jẹ́ akápò káńsù tí wọ́n ń wádìí ni yóò máa buwọ́ lu fáọ́ṣà àwọn tó ń wádìí rẹ̀, ẹ rò ó wò. Bí ó bá fẹ́, ó lè pẹ́ kó tó san, kí ìgbìmọ̀ má rí epo fi sọ́kọ̀. Bí ó bá sì ń san án geere, àwọn ará ìlú á ní ó ti ra ìgbìmọ̀ náà. Ìhà yòówù kó kọ sí, ìwádìí náà ti ní àbùkù kí ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tó jókòó.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìwádìí ọdún 2005 wọn fi èyí sí abẹ́ mínísítà tó gbé ìgbìmọ̀ dìde. Òun ló ń gbé ìnáwó rẹ̀, ó sì lè kọ̀wé pé òun ò ní í san owó iṣẹ́ tó bá ti jáde kúrò nínú ohun tí òun rán wọn. Òfin kan náà ní kí alága ìgbìmọ̀ máa ṣọ́ra fún ìnáwó tí kò pọn dandan. Àwọn ìgbìmọ̀ ti náwó ná àpò ìjọba tán níbẹ̀ rí ni wọ́n fi kọ ọ́ báyẹn; ìwádìí Bloody Sunday nìkan, ìyẹn ti àwọn tí sójà yìnbọn pa ní Northern Ireland, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998 tó sì parí ní 2010, jẹ ju mílíọ̀nù 190 pọ́n-ùn lọ. Lábẹ́ òfin 2005 yìí ni wọ́n ti wádìí iná ilé Grenfell ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí èèyàn 72 ti kú ní oṣù kẹfà ọdún 2017. Káńsù Kensington àti Chelsea ló ni ilé náà, ìgbìmọ̀ sì bá a wí gidigidi, síbẹ̀ ìjọba orílẹ̀-èdè ló gbé owó ìwádìí, torí pé òun ló gbé ìgbìmọ̀ dìde.

Kì í ṣe pé àwọn náà kì í gbé owó lé káńsù lórí o. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ wọn ti 1972, abala 250, fún mínísítà láṣẹ láti pinnu káńsù tàbí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn tí yóò san owó irú ìwádìí kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014 bákan náà, Eric Pickles, mínísítà ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ nígbà náà, rán ilé-iṣẹ́ aṣírò-owó PwC lọ yẹ káńsù Tower Hamlets ní Lọ́ńdọ̀nù wò, àpò káńsù yẹn sì ni owó ti jáde. Ẹ ṣáà wo ohun tó mú wọn yàtọ̀ sí tiyín: abala òfin wà tó sọ ọ́ lójú gbangba.

Ní Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Abala 274 òfin ìlú wọn gba káńsù láyè láti ṣe ìpinnu, kó sì ní kí adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga wá wádìí ọ̀rọ̀ káńsù fúnra rẹ̀. Ẹni tó bẹ iṣẹ́ ló ń sanwó iṣẹ́, nítorí náà káńsù ló ń san án. Ìlú kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Collingwood, tí kò ju nǹkan bí 22,000 èèyàn lọ nígbà náà. Ní 2018 wọ́n ní kí adájọ́ Frank Marrocco wá wádìí bí wọ́n ṣe ta ìdajì ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ìlú ní 2012, àti bí wọ́n ṣe fi owó rẹ̀ kọ́ ibi eré ìdárayá. Iṣẹ́ gidi ni adájọ́ náà ṣe. Àbá 306 ló wà nínú ìwé tó gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. Àmọ́ owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù 7 dọ́là Kánádà lọ. Ẹ pín in: ó lé ní 300 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti ọmọ ọwọ́ àti arúgbó, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ta iléeṣẹ́ iná.

Ohun tó mú mi sọ ti Collingwood nìyí: kódà níbi tí káńsù ti fẹnu ara rẹ̀ pe ìwádìí, tí ẹnikẹ́ni ò fi tipátipá mú un, owó náà le fún ìlú kékeré. Ìlú ńlá á gbé e. Toronto lo irú ọ̀nà yìí lórí àdéhùn kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní mílíọ̀nù 43 dọ́là tó wá di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ìjọba ìbílẹ̀ tí kò rí owó oṣù òṣìṣẹ́ san déédéé ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ìbéèrè kejì, ìyẹn ẹni tó máa ru ẹrù náà ní ìkẹyìn. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ Western Australia ti 1995, abala 8.27, ní bí ìgbìmọ̀ bá rí ẹ̀bi káńsù, tàbí ti ọmọ káńsù kan, tàbí ti òṣìṣẹ́ rẹ̀, mínísítà lè pàṣẹ pé kí káńsù san gbogbo owó ìwádìí tàbí apá kan rẹ̀. Ìyẹn sàn ju kí wọ́n ti gba owó kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ṣì kù díẹ̀ káàtó lójú tèmi. Káńsù kì í jalè. Èèyàn ló ń jalè. Bí alága bá kó owó ọjà lọ, tí wọ́n wá ní kí káńsù san owó ìwádìí, ará ọjà tí wọ́n jà lólè lẹ́ẹ̀kan ti tún sanwó fún ẹni tó wá sọ fún un pé wọ́n jà á lólè.

Ìwé òfin tiwa pàápàá mọ ọgbọ́n yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn kì í kà á débẹ̀. Abala 129, níbi tó ti fún ilé aṣòfin láṣẹ láti fi ìwé pe ẹlẹ́rìí, sọ pé bí ẹnì kan bá kọ̀ láti wá, wọ́n lè fi wáráǹtì gbé e, kí wọ́n sì ní kó san gbogbo owó tí ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ fà. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò san án. Kò sọ pé kí ọ́fíìsì rẹ̀ san án.

Ẹni tó bá sì ní kò ṣeé ṣe kí olóṣèlú fi owó ara rẹ̀ san gbèsè ìlú, ẹ sọ ti Shirley Porter fún un. Olórí káńsù Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù ni, nígbà tí wọ́n ń ta ilé káńsù kí àwọn olùdìbò ẹgbẹ́ rẹ̀ lè pọ̀ sí i ní àwọn wọ́ọ̀dù kan. Ọ́dítọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà gbé gbèsè lé e lórí tìkára rẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ níbẹ̀ sì fọwọ́ sí i ní oṣù kejìlá ọdún 2001. Ní 2004 ó san mílíọ̀nù 12.3 pọ́n-ùn láti fi parí rẹ̀. Àánú ibẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n fi ń dájọ́ náà, òfin ọdún 2000 ti fagi lé irú gbèsè bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nítorí náà, ohun tí mo máa fi sínú ìpinnu káńsù bó bá jẹ́ èmi ni pé: a fara mọ́ ìwádìí, a ó kó gbogbo ìwé owó, fáìlì ọjà àti ìwé báńkì kalẹ̀, a ó fún ìgbìmọ̀ ní yàrá ìjókòó àti òṣìṣẹ́ tí yóò máa bá wọn wá ìwé. Ìyẹn náà owó ni, tiyín sì ni. Owó ìjókòó, lọ́yà ìgbìmọ̀ àti hòtẹ́ẹ̀lì, ẹni tó pè wọ́n ni kó gbé e, àyàfi bí ẹ bá rí òfin tó sọ nǹkan mìíràn. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé ẹ ń bẹ ìgbìmọ̀ kó sọ nínú ìwé àbọ̀ rẹ̀, ní orúkọ, ẹni tó yẹ kó dá owó ìwádìí padà. Bó bá jẹ́ pé òfin ìpínlẹ̀ yín gbé e lé káńsù lóòótọ́, ẹ béèrè owó ìfojúbù àti gbèdéke tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, kẹ́ ẹ sì fi sínú àfikún ìṣúná kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ní ti pé wọ́n á yọ ọ́ nínú ìpín yín: abala 162 ló dá àpò àjọni ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀, owó gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ yín ló sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti sọ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, nínú ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ pe àwọn ìpínlẹ̀ 36, pé ìpínlẹ̀ kò láṣẹ láti di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú tàbí láti máa ná an fún wọn, pé kó máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Lójú tèmi, lẹ́tà tó ní òun á yọ owó láìsí òfin tàbí àṣẹ ilé ẹjọ́ kò lè dúró níwájú ìdájọ́ yẹn. Ẹ fi ọjọ́ àti orúkọ ìdájọ́ náà sínú èsì yín, kí lọ́yà káńsù buwọ́ lù ú.

Ohun kan tún kù tí ẹ ò béèrè, tó sì máa tó kan ilẹ̀kùn yín. Alága àná máa gba lọ́yà ńlá, á sì kọ̀wé sí yín pé iṣẹ́ káńsù ló kó òun sí i, pé kí káńsù san owó lọ́yà òun. Ẹ má san án ṣáájú. Bí ìgbìmọ̀ bá dá a láre, kó mú rìsíìtì wá, kẹ́ ẹ jókòó lórí ohun tó bójú mu. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, òun àti lọ́yà rẹ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe máa yanjú ẹ̀.