Orin kíkọ ní yunifásítì: ohun tó wà lójú ìwé ni wọ́n máa fi dá ọ lẹ́jọ́

Àbúrò mi, o ní akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lò ń darí, o fẹ́ lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ orin òde òní sílẹ̀ ní yunifásítì, o wá ń béèrè bóyá dandan ni kí o mọ dùùrù tẹ̀ dáadáa àti ohun tí o máa kó ránṣẹ́. Iṣẹ́ 2 tàbí 3 tó yàtọ̀ síra: ọ̀kan fún ohùn, ọ̀kan fún ohun èlò 3 sí 5, ó kéré tán kí ènìyàn gidi ti ṣe ọ̀kan nínú wọn kí o sì gbà á sílẹ̀. Ka ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ náà béèrè, fi PDF àti ohùn ránṣẹ́.

Ibi tó ṣì ń dùn mí títí dòní ni ohùn tí kọ̀ǹpútà ń mú jáde. MuseScore, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ orin sílẹ̀, dára, kò gbowó, ṣùgbọ́n má gba ohùn rẹ̀ gbọ́. Flute tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, láti C àárín dùùrù dé G tó tẹ̀lé e, máa ń dún ketekete lórí trumpet méjì nínú kọ̀ǹpútà. Nínú yàrá gidi, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ, nítorí ohùn ibẹ̀ kò lágbára rárá. Kọ̀ǹpútà kì í mí, afunfèrè ń mí. Bí o kò bá fi àyè èémí sílẹ̀, ibi tó bá bá a ló máa gé orin rẹ.

Clarinet wá ńkọ́? Èyí tó wọ́pọ̀, ti B♭, ìgbésẹ̀ kan ló fi ń dún sísàlẹ̀ ju ohun tí o kọ: kọ C, B♭ lo máa gbọ́. Horn ti F tún sọ̀kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: kọ C, F ìsàlẹ̀ ni. Bí o bá gbàgbé "concert pitch" (bọ́tìnì tó ń fi ohùn hàn bó ṣe ń dún gan-an) ní títàn nígbà tí ò ń tẹ part (ìwé olórin kọ̀ọ̀kan) jáde, àwọn yòókù á wà lójú ọ̀nà, clarinet àti horn á wà níbòmíràn, ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fún ọ láti fi dánra wò á sì tán sórí pé ẹ ń wá ẹni tó ṣìnà. Àwọn olùkọ́ kan á jókòó, wọn á máa wò ọ́ láìsọ nǹkan kan, ìgbà tí máàkì bá jáde ni wàá kà á pé ìmúrasílẹ̀ rẹ kò tó. Ó yẹ kí wọ́n ti kọ́ ọ ní èyí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́!

Ṣíṣí ìwé náà: ní ìparí ojú ewé ọwọ́ ọ̀tún, fi ìsinmi tó ìṣẹ́jú-àáyá 3 sí part olúkúlùkù. Ẹni tó ń ta fayolín kò ní ọwọ́ kẹta. Bí ìsinmi kò bá sí níbẹ̀, fi ìsàlẹ̀ ojú ewé sílẹ̀ lófìfo kí o gbé bar (àpótí ìlù kọ̀ọ̀kan nínú orin) tó kù kọjá. Kọ nọ́ńbà bar síbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan.

Bí sol-fa nìkan lo fi ń kọ́ akọrin rẹ, tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ka staff, ìlà márùn-ún tí a ń kọ ohùn sí. Dò gbọ́dọ̀ ní ilé kí sol-fa tó ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ orin òde òní kò sì ní key, ìyẹn ohùn kan tó jẹ́ ilé. Máa fẹnu kọ àlàfo ohùn bíi minor second, tritone àti major seventh láìtẹ ohun èlò, ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́.

Tí ọ̀rọ̀ orin bá jẹ́ Yorùbá, ohùn ọ̀rọ̀ ni kó ṣáájú. Olùkọ́ tí kò gbọ́ èdè wa kò ní mọ̀ pé o ti sọ ọkọ̀ di ọkọ́, ìyá rẹ á mọ̀. Fún gángan, ìlà mẹ́ta ni kí o lò, òkè, àárín, ìsàlẹ̀, kí o fi ìlà tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ hàn níbi tí ohùn bá ti yọ̀, kí o sì kọ ohun tí ìlù ń sọ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni onílù ń lù.

Ẹni tó bá ní "kọ ọ́ lọ́nà òde òní", bi í pé orin wo ni kí o lọ gbọ́. Akin Euba, ọmọ Nàìjíríà tó kọ orin sílẹ̀, pe tirẹ̀ ní African pianism, ó lo dùùrù bí ìlù. Ìyẹn jẹ́ ọ̀nà tó ṣe é dì mú.

Dùùrù tí o béèrè gan-an: kò pọn dandan kí o mọ̀ ọ́n bí ẹni tó ń fi í jẹun. Kí o lè fi ọwọ́ méjèèjì tẹ SATB (orin ohùn mẹ́rin: soprano, alto, tenor, bass) tí o kọ, bó tiẹ̀ lọ́ra, ó tó. Ṣùgbọ́n bí o bá ń kọ orin fún dùùrù, ọwọ́ púpọ̀ kò nà kọjá octave kan (láti dò dé dò tó tẹ̀lé e) tàbí ninth, tó fi ohùn kan jù ú lọ. Má kọ eleventh láìfi àmì arpeggio (pé kí a tẹ àwọn ohùn náà tẹ̀léra) síwájú rẹ̀.