Ẹ BÉÈRÈ, Ẹ GBỌ́: Orin Kan Náà, Onílù Ọ̀tọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi kàwé ní London láyé àtijọ́, nígbà tí wọ́n máa padà wálé wọ́n kó àwo orin bíi ogún dání, ọ̀kan nínú ẹ̀ ni "Love Me Do" tàwọn Beatles, àwo kékeré tó ní lébẹ̀ẹ̀lì pupa láàárín. Bàbá ti sùn báyìí. Mo wá rí ẹ̀rọ tó ń lu àwo rà, mo gbé e sí i, mo gbọ́ ọ tán, mo bá tún ṣí orin yẹn kan náà lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n, wọn ò jọra! Nǹkan kan wà tó ń dún ṣaga-ṣaga nínú ti fóònù, kò sí nínú ti bàbá mi. Ìyàwó mi ní etí mi ló ń tàn mí jẹ. Ṣé lóòótọ́ ni? — Ọmọ Bàbá Onírẹ́kọ́ọ̀dù, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Etí yín ò tàn yín jẹ rárá, àbúrò mi, ẹ bá mi sọ fún ìyàwó wa. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó jókòó dáhùn, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dún ṣaga-ṣaga yẹn, tambourine ni, irú èyí táwọn màmá wa máa ń mì ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun gan-an la sì fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gba orin yẹn sílẹ̀ lọ́dún 1962, ní situdíò EMI tó wà ní Abbey Road ní London, onílù ọ̀tọ̀ ló sì jókòó ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní June 6, Pete Best ló lù ú. Nígbà tó fi máa di August wọ́n ti ní kó máa lọ, wọ́n mú Ringo Starr. Ringo lù ú ní September 4, àwọn ọ̀gá situdíò ní ìlù yẹn ò tíì tẹ́ àwọn lọ́rùn, bí wọ́n ṣe padà débẹ̀ ní September 11 nìyẹn tí wọ́n bá Andy White níbẹ̀, onílù tí wọ́n fowó pè fún iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Ringo tí ò tíì lo oṣù kan pé nínú ẹgbẹ́, tambourine ni wọ́n kì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Tí mo bá rántí ẹ̀ ó máa ń dùn mí, torí ọmọkùnrin yẹn mọ ìlù lù.

Èwo wá ni ti bàbá yín? Tó bá jẹ́ 1962 gan-an ni wọ́n rà á, tí lébẹ̀ẹ̀lì Parlophone, ilé iṣẹ́ tó gbé àwo yẹn jáde, sì pupa, ti Ringo ni. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní October 5, 1962. Nígbà tó yá wọ́n fi ti Andy White rọ́pò ẹ̀, ti Andy White yìí náà ló wà nínú odidi àwo Please Please Me, òun lẹ sì ń gbọ́ lórí fóònù. Ibi tó wá ká mi lára jù rèé: wọn ò tọ́jú téèpù ti Ringo. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e jáde padà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, orí àwo bíi ti bàbá yín yẹn ni wọ́n ti dà á kọ. Torí náà ẹ jọ̀ọ́, tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ yẹn bá ti gbó, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lónìí, kó má lọ họ àwo bàbá.

Ẹ tún bá mi gbọ́ ibì kan. Ibi tí gbogbo nǹkan ti dákẹ́, tí ohùn ẹnì kan ṣoṣo wá jáde tó kọ àkọlé orin yẹn. John Lennon ló ń kọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun náà ló sì ń fun hàmóníkà, ẹnu kan ò lè ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀, kó tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn tán hàmóníkà ti yẹ kó wọlé. Ni George Martin, ọ̀gá tó ń darí bí wọ́n ṣe ń gba orin wọn sílẹ̀, bá ní kí Paul McCartney gbà á kọ, níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò múra ẹ̀ sílẹ̀ rárá. Paul fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé tóun bá ń gbọ́ orin yẹn, òun ṣì ń gbọ́ bí àyà òun ṣe ń já nínú ohùn òun. Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin náà máa gbọ́ ọ. Tí ti Pete Best bá wù yín gbọ́, ó wà nínú Anthology 1, àkójọ orin wọn tó jáde ní 1995, ẹ máa gbọ́ ibi tí ìlù ẹ̀ ti dédé yí ẹsẹ̀ padà láàárín orin.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, íápíìsì mi ò bàjẹ́ o, mo ti fi orin míì dán an wò. Àmọ́ tí mo bá ti gbé Please Please Me sí i, etí ọ̀tún nìkan ni ohùn wọn máa wà, gìtá àti ìlù á wà létí òsì. Ẹ̀gbẹ́ kan tó bá bọ́ báyìí, orin ti di ààbọ̀. Kí ló fà á? — Ọmọ Abẹ́òkúta ní Peckham

ÌDÁHÙN: Bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n lò, ojú ọ̀nà méjì péré ló ní lórí téèpù, wọ́n kó ohùn sójú kan, wọ́n kó gìtá àti ìlù sójú kejì, kí George Martin lè rí i wọ̀n dáadáa tó bá ń pa wọ́n pọ̀ di mono, ìyẹn ohùn kan náà létí méjèèjì, torí mono lọ̀pọ̀ èèyàn ń rà nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n máa wá ṣe stereo, wọ́n kàn gbé ọ̀kan sí òsì wọ́n gbé ìkejì sí ọ̀tún.

Àwa tá a fẹ́ràn wọn ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wa lọ́wọ́ ọjọ́ ti pẹ́, tèmi ni pé mono ni kẹ́ ẹ fi gbọ́ àwo yìí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gba orin mẹ́wàá nínú ẹ̀ sílẹ̀, February 11, 1963, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí ó fi ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá alẹ́ lù, òtútù ti mú John, súìtì ọ̀fun ló ń jẹ tó ń mu mílíìkì lé e. "Twist and Shout" ni wọ́n fi ṣe ìkẹyìn torí wọ́n mọ̀ pé á ha ọ̀fun ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tó kọ́kọ́ kọ ọ́ náà lẹ̀ ń gbọ́ yẹn, wọ́n ní kó tún un kọ, ohùn ti lọ. Irú orin báyìí, àfi kí gbogbo wọn kọlu èèyàn pọ̀.

Lórí fóònù yín, ẹ wọ Settings, ẹ wá Accessibility, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Mono Audio sí, ẹ tàn án. Ó parí. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ stereo tó dáa, Giles Martin, ọmọ George Martin, tún àwọn orin ìgbà yẹn pò fún àwo pupa 1962–1966 tí wọ́n gbé jáde padà ní 2023, kọ̀ǹpútà ló fi tú ìlù kúrò lára gìtá, ó wá tò wọ́n síbi tó yẹ kí wọ́n wà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, orin wo gan-an làwọn Beatles kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ láyé wọn? Ṣé òótọ́ sì ni pé ọ̀kan nínú wọn wá ṣe àwo ní Èkó? — Olùkọ́ orin, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni ti Èkó. Paul McCartney ni, ní 1973, nígbà tí Beatles ti tú ká, òun àti Linda ìyàwó ẹ̀ pẹ̀lú Denny Laine, ní situdíò EMI ní Apápá. Àwọn olè dá wọn lọ́nà lóru, wọ́n gba téèpù tó kọ àwọn orin náà sí, orí ló fi rántí wọn. Fẹlá tiẹ̀ rò pé ó wá jí orin wa ni, àfìgbà tí Paul gbé iṣẹ́ ẹ̀ sí i kó gbọ́.

Àkọ́kọ́ gan-an, 1958 ni, ní Liverpool, nílé Percy Phillips tó ní ẹ̀rọ kékeré kan nílé. Quarrymen ni wọ́n ń jẹ́ nígbà yẹn, John, Paul àti George Harrison wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹnì kan tó ń lu ìlù àti ẹnì kan tó ń tẹ dùùrù. Àwo kan ṣoṣo ni wọ́n rí gbà. Wọ́n wá ń gbé e yí ká láàárín ara wọn, kálukú á mú un sọ́dọ̀ fún ìgbà díẹ̀, títí ó fi kan John Duff Lowe tó ń tẹ dùùrù, ibẹ̀ ló dúró sí, ó lé lógún ọdún. 1981 ni Paul tó rà á lọ́wọ́ ẹ̀.