Èsì: Tab kò gbé orúkọ tó ní lẹ́tà ńlá wá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ tẹ "cd doc" nínú bash (ètò tó ń gba àṣẹ tí a bá tẹ̀ sínú tẹ́mínà), ẹ tẹ Tab kó lè parí orúkọ náà, fódà Documents kò jáde. Lẹ́tà ńlá ló fà á. Lójú bash, D yàtọ̀ sí d. Ẹ kọ èyí sínú ~/.inputrc (fáìlì tí ẹ fi ń ṣètò bí bọ́tìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú bash), bí kò bá sí, ẹ dá a:

$include /etc/inputrc
set completion-ignore-case on
set show-all-if-ambiguous on

Ẹ má fo ìlà àkọ́kọ́ o! Bí ẹ bá ti ní ~/.inputrc tiyín, bash kò ní dédé ka /etc/inputrc, tó wà fún gbogbo ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà náà, mọ́, bọ́tìnì bíi Home àti End sì lè ṣíwọ́ iṣẹ́. Ìlà kẹta ni mo fẹ́ràn jù: bí orúkọ tó bá a mu bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ tẹ Tab lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo wọn á jáde. Ẹ wá tẹ bind -f ~/.inputrc kí bash lè kà á lójú ẹsẹ̀; kò dìgbà tí ẹ bá ti tẹ́mínà pa.